Ẹjọ́ Ọmọ Tí Kò Lè Ká Òwú

Ìyá Olúkúnlé ló fúnra rẹ̀ mú Mọ́ládé, ìyàwó ọmọ rẹ̀, àti ọmọ Mọ́ládé lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó ń wá níbẹ̀ kò ju ẹ̀rí lọ. Bó bá di ọjọ́ Àìkú, mọ̀lẹ́bí yóò jókòó, wọn yóò dá Mọ́ládé padà sí Òkèhò tí wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, ọmọ yóò sì dúró lọ́dọ̀ Ìyá.

Moyọ̀sọ́rẹ ni ọmọ náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó ríran dáadáa, ó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n kò lè de bọ́tìnnì aṣọ iléèwé rẹ̀. Ó máa ń ṣubú lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ife ẹ̀kọ kì í sì í dé ẹnu rẹ̀ kó má dà sí i láyà. Èyí tó dun Ìyá jù ni ti òwú. Ahunṣọ ni wọ́n nínú ilé yẹn, ọmọ ọdún márùn-ún ibẹ̀ ti ń ká òwú fún àwọn tó wà lórí òfì. Bí Moyọ̀sọ́rẹ bá fọwọ́ kan òwú, á lọ́ mọ́ra pọ̀, àgbàlagbà méjì ni yóò jókòó tú u.

"Ọmọ tó dára, ti bàbá ni," ni Ìyá máa ń wí. "Èyí tí kò dára, ẹ bi ìyá rẹ̀."

Ó ti ka ẹ̀sùn rẹ̀ sórí. Nígbà tí Mọ́ládé lóyún ọmọ náà, kí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ó ti ń tòògbé. Àwọn ìyàwó ilé yòókù á máa hun aṣọ, Mọ́ládé á gbé orí lé ògiri. Bó bá tún jí, oòrùn ọ̀sán gangan ló ń rìn lọ sọ́jà.

Olúkúnlé, ọkọ Mọ́ládé, tẹ̀ lé wọn. Òun nìkan ni kò hun aṣọ rí nínú ilé náà. Ìyá ní Ọlọ́run dá ọmọ òun ní ẹni ńlá, ẹni tí yóò máa ta aṣọ ni, kì í ṣe ẹni tí yóò máa ju ọ̀kọ̀ òfì. Wọ́n ra ọ̀kadà fún un nígbà kan, ó ṣubú lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù kan, wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni, wọ́n tà á. Bùbá tí a ń ki ọrùn bọ̀ ló máa ń wọ̀ lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Yétúndé ju bọ́ọ̀lù sí ọmọ náà, kò lè hán an. Ó ní kó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó ṣubú lu tábìlì.

"Ọpọlọ rẹ̀ jí pépé," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kì í gbọ́ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà oyún máa ń lọ́wọ́ sí i. Mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀."

"Ohun tí mo bá wá gan-an nìyẹn," ni Ìyá wí, ó sì tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ṣé oṣù rẹ̀ pé kẹ́ ẹ tó bí i?"

"Ó pé, mà," ni Mọ́ládé dáhùn. "Ó kàn kéré ni."

"Ológbò ilé wa tóbi jù ú lọ," ni Ìyá wí.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́?"

"Rárá, mà."

"Sìgá? Tàbí ẹni tó ń fà á nítòsí yín?"

"Kò sí."

"Ọtí?"

"Mi ò fi ọtí kan ẹnu rí."

Ìyá rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bi í, ẹni tó mumi ló ń tòògbé láago mẹ́sàn-án àárọ̀ àbí ẹni tó mutí?"

Omi bọ́ lójú Mọ́ládé. "Ẹ̀ báà lé mi, mà, ẹ má gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé mìíràn. "Oògùn ìbílẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ lo àgbo?"

Ojú Ìyá tú ká fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ọpẹ́lọpẹ́ mi lára rẹ̀. Ife kan láràárọ̀, látìgbà tí oyún ti pé oṣù méjì. Á máa yínmú, á ní ó ń ta òun lọ́fun bí ata. Mo máa ń dúró tì í títí yóò fi mu ún tán ni."

"Kí lẹ fi ń rẹ ẹ́, mà?"

Ìyá wò ó bí ẹni ń wo ọmọdé tí kò gbọ́n. "Omi ló ń ba àgbo jẹ́," ni ó wí, "kìkì ògógóró ni mo fi ń rẹ ẹ́, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, òun náà ni mo sì mu láràárọ̀ títí mo fi bí Olúkúnlé."