Bí A Ṣe Ń Ṣe Halloween Nílé Wa

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹwàá nígbà tí Bethany ti ibi iṣẹ́ dé sí Peckham. Láti òwúrọ̀ kùtù ló ti ń tọ́jú aláìsàn ní Camberwell. Kò tíì bọ́ bàtà tán nígbà tí Shiloh, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún méje, wá dúró níwájú rẹ̀. Ó ti fi páúdà kun gbogbo ojú.

"Mummy, Ayọ̀mípọ̀sí àti mummy rẹ̀ ń bọ̀ wá mú mi. Everyone ń lọ."

"Everyone kọ́ ni mo bí. Páúdà ta nìyẹn?"

"Ti Grandma."

Grandma, ìyá Bethany, wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Kò gbójú sókè.

Bethany fa ọmọ náà mọ́ra. "O ò ní lọ. Àwa ò jáde rí, Halloween tiwa sì dùn ju ká máa tọrọ súìtì kiri lọ."

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rin lòun nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, Kúnlé ẹ̀gbọ́n òun sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dé ìlú Òyìnbó láti Ìbàdàn, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé ní New Cross. Bí ẹnikẹ́ni bá ti kanlẹ̀kùn, Mummy á ní Halloween ti dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dún ti pàdánù. Wọ́n á dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Mummy á ti fèrèsé pa, òógùn á máa ṣàn lára Kúnlé tó wọ pátá nìkan. Àwọn tó wà níta á kanlẹ̀kùn títí, bàtà wọn á máa dún gbì, gbì. Tí wọ́n bá ti lọ, áísìkírímù ló kàn.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé," ni Bethany wí. "Kúnlé ò pàdánù rí."

"Máàsìkì wo ni wọ́n wọ̀?"

"A ò rí wọn."

"So báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Halloween ni?"

"Grandma ló sọ bẹ́ẹ̀. Àbí ìwọ lo máa kọ́ Grandma?"

"That's long, kò dùn rárá," ni Shiloh wí. Omijé ti ń la ọ̀nà nínú páúdà náà.

Bethany yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mummy, ẹ jẹ́ ká ṣe é fún un lónìí. Ẹ wá bá wa dùbúlẹ̀."

"Ó ti rẹ̀ mí, Bethany."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, Mummy. Èmi tí mo tibi iṣẹ́ dé ńkọ́?"

"Mo ní ó ti rẹ̀ mí."

Wọ́n kanlẹ̀kùn. Bethany pa iná, ó sì fa Shiloh lulẹ̀. Nínú òkùnkùn, wọ́n gbọ́ tí ìyá àgbà dìde. Ó tan iná. Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu. Ayọ̀mípọ̀sí àti ìyá rẹ̀ ni, wọ́n gbé báàgì súìtì dání.

"Ẹ mú un lọ," ni ìyá àgbà wí. "Tó bá di aago méje, kẹ́ ẹ dá a padà fún wa."

"Ẹ ṣé, Mummy," ni ìyá Ayọ̀mípọ̀sí wí, ó sì mú Shiloh lọ.

Bethany dìde nílẹ̀. "Mummy, ẹ̀yin tẹ́ ò jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn rí?"

Ìyá rẹ̀ dúró títí kò fi gbọ́ ohùn àwọn ọmọ náà mọ́ lórí àtẹ̀gùn.

"Oṣù Keje ni wọ́n kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn wa, Bethany, àwọn immigration ló mú ìwé wá láti dá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí Nàìjíríà, Halloween sì lọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu."