Ìpàdé Àwọn Tí Ìyà Ń Jẹ

Àlọ́ mi kò lọ jìnnà, etí odò kan tó ń gbẹ ló balẹ̀ sí. Àwọn ẹranko ní ẹni tí ìyà ń jẹ jù ni kó kọ́kọ́ mumi. Lójú ẹsẹ̀, ara gbogbo wọn kò yá mọ́.

Ẹṣin ní eré òun yá jù, òun kì í rí ẹni bá rìn. Ọ̀kín ní ẹwà ò jẹ́ kí òun sinmi, wọ́n ń wo òun ṣáá. Erin ní tirẹ̀ bú sẹ́kún, ó fi orin sí i:

"Ara ńlá, ìyà ńlá!"
*Pẹ̀lẹ́ o, Erin!*
"Ta ló mọ ẹrù tí mò ń rù?"
*Pẹ̀lẹ́ o, Erin!*

Àánú ṣe wọ́n. Erin mu, Ẹṣin mu, Ọ̀kín tún fi ìyókù fọ ìyẹ́.

Ìgbà tó ku ẹrẹ̀ ni Ìgbín dé. Láti àná ló ti ń wọ́ bọ̀.

Ẹṣin ní, "Tí ìyà bá ń jẹ ọ́ lóòótọ́, ṣé o ò ní tètè dé ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lẹ́sẹ̀ ni."

Erin nu ẹnu. "Ṣùgbọ́n o nílé lẹ́yìn. Àwa tá à ń sun ìta ńkọ́?"

Ó tún bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí Ìgbín náà gbè é. Tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́nu, ó gbè é:

*Pẹ̀lẹ́ o, Erin!*