Irin Tóògéètì

Ó pẹ́ tí irin tóògéètì ti já lé iwájú tírélà awakọ̀ kan. Òṣìṣẹ́ tó ń tẹ bọ́tìnnì irin ọ̀hún ní ṣe ni awakọ̀ fẹ́ sá lọ láìsanwó, ni ọ̀gá awakọ̀ bá gba kọ́kọ́rọ́ tírélà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ọ̀fẹ́ nìkan ló ń gbà, kódà bó dí bí imú ọlọ́fìnkìn.

Lónìí, nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, àna rẹ̀ ló jókòó tì í nínú ọkọ̀. Ọmọbìnrin awakọ̀ ti bímọ fún ọmọkùnrin àna, àwọn bàbá àgbà méjèèjì sì ń lọ wo ọmọ tuntun.

"Àna mi, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà olówó. Èmi ni n ó san án," ni àna rẹ̀ wí.

"Láéláé! Irin ibẹ̀ máa ń já lé olóòótọ́ lórí."

"Ọmọ yìí á ti hu eyín ká tó débẹ̀!"

"Kó fi eyín náà rẹ́rìn-ín sí wa."

Nígbà tí wọ́n dé oríta ìkẹyìn tí wọ́n ti lè yà sí ọ̀nà olówó, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn fọn fèrè, wọ́n ń ṣépè.

"Àna mi, kí ló dé?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ pálọ̀ mi ni mo ti dá yín mọ̀. Aṣọ iṣẹ́ tóògéètì nìkan ni ò sí lọ́rùn yín mọ́."

Àna wo ilẹ̀. "Ẹ ò jẹ̀bi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mi ò gbọ́."

Àna yọ orí lójú fèrèsé, ó kígbe sí gbogbo ọ̀nà: "Èmi ni mo tòògbé tí mo tẹ irin lé e! Ọkùnrin yìí sanwó!"