Èjìká Màmá

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti jáde. Ẹ fi sílẹ̀ báyẹn."

Àbúrò ayàwòrán ló sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ayàwòrán ò kúrò nídìí kọ̀ǹpútà. Òun ló ṣèèṣì pa fọ́tò ìkẹyìn tí màmá wọn yà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, òun náà ló sì wá a jáde. Àmọ́ àtúnṣe kan tí kì í ṣe òun ló ṣe é wà lára fọ́tò tó jáde náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ayàwòrán ṣètò kámẹ́rà kó lè dá ya òun àti màmá, ó sì sáré lọ sẹ́yìn màmá. Àbúrò ẹ̀ ní kámẹ́rà ti yà á kó tó débẹ̀. Nínú fọ́tò, màmá fọwọ́ lé èjìká ara wọn. Gbogbo ilé ní èjìká ló ń dùn wọ́n.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Ẹ má tú u, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹnì kan ṣoṣo ni ayàwòrán kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń yọ èèyàn kúrò nínú fọ́tò, tí ògiri á sì dán bíi pé onítọ̀hún ò débẹ̀ rí. Ó tú àtúnṣe náà.

Ayàwòrán fúnra ẹ̀ ló dúró síbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbọ́wọ́ lé èjìká màmá, tí màmá sì di ọwọ́ náà mú.