Wáyà Inú Ògiri Ilé Oyèkànmí

Inú ń bí Làsísì láti àárọ̀. Ògbóǹtagí oníṣẹ́ iná ni nílé iṣẹ́ aṣọ kan n'Ìkẹjà, kí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù tó dé, kí wọ́n tó ní kí òun àti ogójì èèyàn máa lọ sílé. Ní báyìí, ìyá arúgbó kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú ilé tuntun tó ń wáyà ní Àgídìngbì, ó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Kò ṣeé lé jáde. Oyèkànmí tó nilé ti sọ fún un pé ìyá òun ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìsàlẹ̀ ni wọn yóò máa gbé. Bí màmá yìí bá bínú, iṣẹ́ lọ nìyẹn, ilé méjì tí Oyèkànmí tún ṣèlérí náà sì lọ.

"Ìwọ ni Làsísì?" Bí ìyá náà ṣe wọlé láàárọ̀ nìyẹn, kò kí i kú iṣẹ́.

"Èmi ni, mà."

"Níbo ni ilé ìdáná wà?"

Ó fi hàn án. Ìyá tọ́ka sí wáyà tó yọrí jáde lára ògiri. "Kí ni wọ́n máa lò níbí?"

"Fíríìsà, mà. Àti kúkà oníná."

"Wáyà gílóòbù lo sì fà síbẹ̀."

Lóòótọ́, 1.5 ni, tín-ín-rín. 2.5 ló yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kúkà sì ń fẹ́ èyí tó tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Làsísì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Èyí tó nípọn tí Oyèkànmí rà wà nínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti bá ẹnì kan l'Ágége sọ̀rọ̀ pé òun máa tà á.

"Màmá, iṣẹ́ mi nìyí. Ṣé mo wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń pọnmọ ni?"

"Ilé alájà kan tí o wáyà ní Oko Ọba, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, irú wáyà wo lo fà síbẹ̀?"

Orí Làsísì wú díẹ̀. Ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìròyìn òun. "Eléyìí náà ni, mà. Ó tó ọdún kan báyìí, kò sẹ́ni tó pè mí padà pé nǹkan kan bàjẹ́."

Ìyá tú gèlè, ó tún un wé.

"Tú gbogbo ẹ̀. Gbé èyí tó yọrí nínú àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn wá."

"Àwọn arúgbó tí ò níṣẹ́," ni Làsísì kùn.

"Etí mi ò tíì di. Fà á."

Ó fà á títí ìka rẹ̀ fi bó. Yàrá kọ̀ọ̀kan ni ìyá ń tẹ̀ lé e wọ̀, tí ń fi ìṣẹ́tí ìró di wáyà mú wò. Nígbà tí Làsísì bu omi fún un, ìyá ní òun ò lè mu omi ọwọ́ rẹ̀. Làsísì da omi náà sílẹ̀ lójú ẹ̀.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́rin, ó parí. Ìyá dìde.

"Ilé wo ló kàn?"

"Ti Ògbà, mà. Lọ́jọ́ Ajé."

"Wàá bá mi níbẹ̀."

Kò dágbére. Kò pẹ́ tó jáde tí Oyèkànmí wọlé, tó di arúgbó mìíràn lọ́wọ́ mú.

"Làsísì, ìyá mi rèé."

"Ìyá tó ń jáde lọ yẹn dá mi dúró lẹ́nu géètì," ni màmá náà wí, "ó ní wáyà ilé yìí ti dáa báyìí, pé irú èyí tó o kọ́kọ́ fà síbí ló gbiná ní Oko Ọba, tó jó Ọlárónkẹ́ ọmọ òun mọ́lé."