Orin Tó Ń Gba Ojú Fèrèsé Wọlé

Láti ọjọ́ tí Jurandir ti gbọ́ orin náà ni kò ti lè jókòó jẹun bí èèyàn mọ́. Bó bá fi ṣíbí bu ẹ̀wà dúdú, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lágbedeméjì àwo àti ẹnu, ẹ̀rín á sì máa pa á. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, orí rẹ̀ fúyẹ́ bí ẹni tó fi ọtí ìrèké ṣínu.

Yàrá kótópó kan ló háyà ní Kopakabana, àdúgbò etí òkun, lókè àjà kẹrin. Fèrèsé rẹ̀ ò kọjú sí òkun. Ihò gbọọrọ tó gba àárín ilé náà kọjá, tí fèrèsé gbogbo ilé ìdáná ṣí sí, lòun náà ṣí sí. Òórùn àlùbọ́sà, ìjà tọkọtaya, ariwo omi ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ló ń gbabẹ̀ wá bá a. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, orin náà á gbabẹ̀ wọlé: gìtá kan, àti ohùn kan tó rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sétí olólùfẹ́.

Orin ọ̀hún dé lásìkò. Ilé ẹ̀kọ́ orin ti kìlọ̀ fún un nígbà ìkẹyìn. Ó gbọ́dọ̀ mú orin tuntun kan, kó tú u palẹ̀ fínnífínní níwájú olùkọ́ rẹ̀, Maestro Felisberto, ẹni tó gbà pé bosa nofa, irú orin jẹ́jẹ́ tuntun yìí, kì í ṣe orin, àìsàn ọ̀fun ni. Bó bá fìdí rẹmi, bàbá rẹ̀ á wá mú un padà sí Barbacena kó máa fún wàrà màlúù. Jurandir ò sì fẹ́ rí màlúù sójú.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí i dáadáa. Àtàǹpàkò onígìtá ń lu okùn ìsàlẹ̀ bí ìlù ńlá sámbà, àwọn ìka yòókù sì ń já wọlé níbi tí èèyàn ò ti retí wọn. Ìyẹn ò yà á lẹ́nu, gbogbo ọ̀dọ́ Ipanema, àdúgbò kejì, ló ń ta á bẹ́ẹ̀. Ohùn yẹn ló ń pa á bí ọtí. Kì í bá gìtá wọlé pọ̀. Gìtá á kọ́kọ́ lọ, ohùn á máa wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, díẹ̀ báyìí, láìkánjú. Bí gìtá bá sì padà sílé, síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ orin, akọrin ò ní bá a débẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló máa dúró sí, bí àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò fẹ́ wọlé. Nígbà mìíràn gìtá á dákẹ́ lójijì, ohùn á sì dá nìkan lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Jurandir á gbá ìrọ̀rí mú, á máa rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Ọ̀rọ̀ orin náà ò dé etí rẹ̀ tán. "Ohun tó sọnù" àti "padà wá" nìkan ló ń gbọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, kí ló tún kù?

Ó mọ onígìtá náà lójú, gìrìpá kan tó ń gbé ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti kí i. Dona Zulmira, ìyá àgbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ló kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ọmọ mi, ìwọ náà ń gbọ́ gìtá yẹn? Látìgbà tó ti dé, aṣọ lílọ̀ ò sú mi mọ́."

"Mò ń gbọ́ ọ, ìyá. Ẹ ò rí i pé ọ̀gá ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n ta. Àmọ́ kó máa rọra. Ó ń yá jù fún mi."

Jurandir fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bí bosa nofa bá yá jù létí ìyá yìí, kí ni ijó kànífà, ijó àjọ̀dún ìgboro, á dà lójú rẹ̀?

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó tú orin náà palẹ̀ tòun ti òógùn. Ó sín ohùn akọrin náà jẹ, ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Maestro Felisberto gbọ́ ọ tán, ó ní irọ́ ni, kò sí akọrin tó lè mọ̀ọ́mọ̀ máa rẹ̀yìn lẹ́yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Jurandir ní kí wọ́n wá fi etí ara wọn gbọ́.

Bí Maestro ṣe wá nìyẹn, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí pé kò sí àga. Orin wọlé. Ó kọ́kọ́ fajú ro. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó fi ọwọ́ dì í mú, èyí òsì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí gìtá dákẹ́ tí ohùn dá nìkan lọ, àgbàlagbà náà bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

"Orí méjì ni ẹni yìí ní," ló wí. "Ọwọ́ ń bá tirẹ̀ lọ, ẹnu ń bá tirẹ̀ lọ. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láyé mi."

"Ṣé mo yege nìyẹn, sà?"

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, o ti yege. Mú mi lọ bá a, kó tó jáwọ́."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá di akẹ́kọ̀ọ́ lápá mú, ẹ̀rín ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Jurandir kan ilẹ̀kùn.

Onígìtá náà fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀kùn ṣí, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí okùn, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohùn náà sì ń lọ láìdánudúró lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, níbi tí Dona Zulmira ti ń lọ aṣọ, tó ń rọra kọrin bẹ Antonio Mímọ́, ẹni tí wọ́n máa ń bẹ̀ nítorí ohun tó sọnù, pé kó bá òun wá awò ojú òun.