Fódà Àyálò Tó Ti Ogójì Ọmọ Mọ́ Ìta

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má dúró lágbedeméjì kí ẹ ní ẹ ti mọ̀ ọ́n. "Mo ti mọ̀ ọ́n" ló ba ti Akínbọ̀wálé jẹ́.

1.
Alágbàká ní Àkúrẹ́ ni Akínbọ̀wálé ti ń ṣe ìkànnì, nínú yàrá iṣẹ́ kan tí òun àti Ṣìkẹ́mi, ọmọbìnrin tí òun náà ń ṣe ìkànnì, jọ ń lò. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Nígbà tí Ìyáàfin Títílayọ̀, tó kọ́ ọ ní ìṣirò ní ìlú Oǹdó, ń wá ẹni tí yóò ṣe ìkànnì ìdánwò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, òun ni ìyá náà dárúkọ. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdánwò náà ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí.

Ìyá ní, "Èmi mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ni."

Ogójì ọmọ ló fẹ́ ṣe ìdánwò náà lórí kọ̀ǹpútà, ní gbọ̀ngàn iléèwé kan ní Oǹdó. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni. Ọmọ tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí agogo méjìlá bá lù, ó di àmọ́dún. Èyí tó bá sì ti pé ọmọ ọdún méjìlá kó tó di àmọ́dún, ó parí fún un nìyẹn.

2.
JavaScript, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, ni Akínbọ̀wálé fi ń ṣe é. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àwọn èròjà ojú-ewé: aago tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, àpótí ìbéèrè, bọ́tìnì tí ọmọ yóò tẹ̀ tó bá ṣe tán. Kàn án lẹ́ẹ̀kan, lò ó ní gbogbo ojú-ewé. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, oníṣẹ́ ní láti kọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ tí yóò lò, ìyẹn àwọn iṣẹ́ kékeré tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀, sínú àkọsílẹ̀ kan, kọ̀ǹpútà yóò sì lọ kó wọn wá láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Akínbọ̀wálé ní òun kò lè fi dátà ṣòfò. Ó gun ọ̀kadà lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Oyèlékè, tí òun náà ń ṣe ìkànnì nítòsí Ọjà Ọba, ó fi fíláàṣì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó odindi fódà irinṣẹ́ rẹ̀, ó dà á sínú iṣẹ́ tirẹ̀, ó dá fíláàṣì padà. Wẹ́rẹ́, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́.

Ṣìkẹ́mi yọjú wò ó. "Bọ̀ọ̀dá Wálé, ohun tó wà nínú fódà yìí, ṣé gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àkọsílẹ̀ yín?"

"Àkọsílẹ̀ wo? Ṣé o ò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ni?"

"Lórí láptọ́ọ̀pù yín ni. Ẹ jẹ́ ká tò ó látìbẹ̀rẹ̀ lórí tèmi, ká wò ó."

"Ìyá ọlọ́pàá! Fi mí sílẹ̀ jàre."

Ó rẹ́rìn-ín. Ṣìkẹ́mi kò rín.

Ẹni tó bu ọbẹ̀ aládùúgbò wálé, tó wá ń ka èròjà inú rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó sè é, á gbàgbé iyọ̀.

3.
Ní Sátidé, Akínbọ̀wálé dé Oǹdó ní agogo mẹ́jọ. Orí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ yóò ti máa ka ìdánwò; ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná gbọ̀ngàn. Iná já wọlé pẹ̀lú agbára, ohun kan rùn bíi rọ́bà tó ń jó, láptọ́ọ̀pù kú fin-ín.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Iṣẹ́ náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Màá gbé e sórí kọ̀ǹpútà iléèwé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

Lóòótọ́, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà iṣẹ́ wọn ni pé wọn kì í gbé fódà irinṣẹ́ síbẹ̀; àkọsílẹ̀ orúkọ nìkan ló ń lọ. Kọ̀ǹpútà ka ìwọ̀nba orúkọ tí Akínbọ̀wálé kọ sínú àkọsílẹ̀, ó kó ohun tó rí, ó dúró. Lẹ́tà pupa yọ: irinṣẹ́ kan kò sí. Ó wá ìyẹn rí, òmíràn kò sí. Èyí tó rí tún jẹ́ ẹ̀dà tuntun, kò bá àwọn yòókù ṣiṣẹ́.

Ó pe Oyèlékè. Kò wọlé. Oyèlékè ti lọ sóko ní Ipogun, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í dé. Ó pe Ṣìkẹ́mi.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ orúkọ wọn fún mi, màá bá yín wá a. Kí ló wà nínú fódà náà?"

"Mi ò mọ̀."

Ṣìkẹ́mi ní láìsí orúkọ, kò sí ohun tí òun lè wá.

Agogo mọ́kànlá kọjá. Àwọn ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ iléèwé tí wọ́n lọ̀. Ọmọbìnrin kan di pẹ́ńsù méjì mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọn yóò lò. Bàbá kan yọrí lójú fèrèsé: "Tísà, ṣé kò sí wàhálà o?" Ìyáàfin Títílayọ̀ ní kò sí. Akínbọ̀wálé yọ gbogbo ibi tó ń pe irinṣẹ́ tí kò rí kúrò. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí agogo méjìlá lù, ojú-ewé ṣí. Àkọlé wà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí aago, ìbéèrè àti bọ́tìnì wà, funfun gbòò.

4.
Agogo méjìlá lù. Ìyáàfin Títílayọ̀ fúnra rẹ̀ ló jáde lọ sọ fún àwọn ọmọ. Nígbà tó padà, ó mú báàgì rẹ̀.

"Akínbọ̀wálé, mo sọ fún wọn pé mo mọ̀ ọ́."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ìwọ náà, ṣé o mọ ohun tí o gbé wá?"

Ní agogo méjì, fóònù dún. Oyèlékè ni. "O pè mí?" Akínbọ̀wálé ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Áà, irinṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo fi kún fódà yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi sọ orúkọ wọn fún ọ mà!"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín, tí ẹ ò mọ ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́, ẹ má fi ọjọ́ iwájú ọmọ ọlọ́mọ sórí rẹ̀. Ẹ to iṣẹ́ yín látìpìlẹ̀, ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ẹ sì gbọ́ tẹni tó bá ń béèrè. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣò ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.